Ẹ̀rọ Tó Mọ Ìyá Sákásù Jù Mí Lọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú túbú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Adájọ́ ní kí n máa gbé ibẹ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, nítorí náà ìyà náà kò lè gùn púpọ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni kí ẹ wò.

Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Gánà. Èmi ni mo ru ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi láti Kumasi dé Bouaké, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ará ilé wa ní ọkọ̀ ni a wọ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Alhaja, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Commerce, àdúgbò ọjà ìlú náà. Abọ́ tánńganran àti báàfù ló ń tà. Èmi ló fi ṣe akọ̀wé, ó sì kó fóònù tí àwọn oníbàárà ń fowó ránṣẹ́ sí lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí àwa Ànágó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, ń gbà pe ènìyàn ni mo fi jalè. A kì í pe àgbà oníbàárà lórúkọ. Obìnrin ẹ̀yà Baoulé kan tó ń wá rajà láwìn láti ìlú Sakassou, Ìyá Sákásù ló ń jẹ́ lẹ́nu Alhaja àti nínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n bó bá fowó ránṣẹ́, Kuasí Amlan tó wà lórí káàdì rẹ̀ ni fóònù máa ń gbé jáde. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ẹnì kan náà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ebi ń pa mí. Ẹgbẹ̀rún méjì fránkì wọlé láti ọ̀dọ̀ Amlan. Mo yọ ọ́, mo fi jẹ gárbà, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àti ẹja tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹja díndín rẹ̀ tóbi tó ìtẹ́lẹ̀ bàtà mi. Mi ò kọ owó náà sílẹ̀. Ta ni yóò bèèrè Amlan?

Láti orí gárbà, mo dé orí alùpùpù. Láti orí alùpùpù, mo fi páànù tuntun bo ilé mi ní àdúgbò Kennedy. Ìyá Sákásù wá sunkún lẹ́nu ọ̀nà pé òun ti sanwó. Alhaja ní kò sí àwìn fún un mọ́. Èmi náà mi orí, mo ní, "Ẹ ò rí ayé bó ṣe dà!"

Ìgbà náà ni Ṣakírà, ọmọ Alhaja, ti ilé ìwé Abidjan dé. Ó gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní lojisíyẹ̀lì sínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Ó da ìwé mi sí apá kan, ó da àkọsílẹ̀ fóònù sí èkejì. Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti rí nǹkan láyé, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí! Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, kí n tó gbé itọ́ mì, ó ti so ó pọ̀ ní méjì méjì bí alárenà tó mọṣẹ́. Kò wo orúkọ rárá. Nọ́ńbà fóònù tó wà nínú méjèèjì, iye owó àti ọjọ́ ló ń wò. Èyí tó bá rí ẹnì kejì rẹ̀ yóò di aláwọ̀ ewé. Èyí tí kò bá rí yóò pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Kò pariwo, kò bú baba ẹnikẹ́ni.

Ṣakírà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bàbá, ta ni Kuasí Amlan?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ìyá Sákásù ńkọ́?"

"Háà! Ajẹgbèsè yẹn?"

"Nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, Bàbá. Kò jẹ wá ní kọ́bọ̀." Ó pa ojú ẹ̀rọ náà dé. "Ẹ sọ fún màmá mi fúnra yín. Mi ò ní sọ ọ́ títí di Sátidé."

Àánú ni ọmọ yẹn fi hàn mí. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́rú la wà.

Ní ọjọ́ jímọ̀, nígbà tí gbogbo wọn lọ kírun, mo da kẹrosíìnì sórí kọ̀ǹpútà, mo ṣáná sí i. Mo rò pé inú àpótí yẹn ni ọpọlọ rẹ̀ wà. Bákárí, olùṣọ́ wa, ọmọ ẹ̀yà Júlà tí a jọ ń mu tíì láràárọ̀, kò lọ kírun, orúnkún ń dùn ún. Ó sùn sẹ́yìn òkìtì báàfù. Ní kóòtù, mo ní mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa, ìyẹn ni mo fẹ́ kó padà sẹ́nu lónìí. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ní, "Ànágó, ṣé ìwọ nìyẹn?" Mo sọ fún ara mi pé abọ́ ló ń ta nínú iná, mo sì fa ilẹ̀kùn dé.

Ṣakírà ṣí kọ̀ǹpútà mìíràn níwájú adájọ́. Gbogbo ìlà wà níbẹ̀, gárbà ẹgbẹ̀rún méjì kò sọnù! Ó ní ibòmíràn tó jìnnà ni ètò náà ń pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ sí. Àní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n bẹ Ìyá Sákásù, ó tún ń rajà láwìn. Ta ni yóò bẹ opó Bákárí?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní kí ẹ bẹ̀rù ẹ̀rọ. Ẹ kọ́ ọ, ó dára ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fún yín ní ọjọ́ mẹ́ta láti jẹ́wọ́, ẹ lọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: "Èmi ni." Mo ti mọ̀ ọ́n sọ báyìí. Ògiri ni mo ń sọ ọ́ fún.