Ìgbín Tí Wọ́n Fi Ata Sè

Rárá, Mojíre, mi ò jókòó. Mi ò mu omi. Ìdúró yìí ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, nítorí bí mo bá jókòó, ìbínú mi á rọ̀, mi ò sì tíì fẹ́ kó rọ̀. Ṣebí ìwọ lo bẹ èmi olóólà pé kí n wá kọlà fún ọmọ-ọmọ rẹ tuntun? Ìwọ náà lo ra ìgbín mẹ́rin, o gbé e fún ìyàwó ọmọ rẹ, o bá tìrẹ wá sí Mayfair níbí. O ò ṣàlàyé kankan fún un. O ní ó yẹ kó mọ̀. Ta ló sọ fún ọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ̀?

Gbọ́ mi ná. Mo dé Ilare láàárọ̀ yìí, mo ti pọ́n abẹ mi, mo ti fi iná jó o. Wọ́n kí mi dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ìbùkúnọlá, ìyàwó ọmọ rẹ, kúnlẹ̀ débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ jáde, ọmọ ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Mo na ọwọ́, mo ní, "Ẹ gbé ìgbín wá." Wọ́n sì gbé e wá. Nínú àwo aláràbarà, Mojíre! Pẹ̀lú ata rodo, pẹ̀lú àlùbọ́sà, omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ jẹun."

Áà! Ìgbín tí mo fẹ́ fọ́ ìdí ìkarahun rẹ̀, kí n kán omi rẹ̀ sójú ilà kí ẹ̀jẹ̀ lè dá! Mo ní omi rẹ̀ dà? Ó ní òun ti fi álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí tí kò fi yọ̀ mọ́. Ó tún ń fi yangàn! Omi ẹ̀rọ̀ tí bàbá mi fi kọlà fún ìdajì Ilare, ó dà á sí gọ́tà. Ó rò pé oúnjẹ àlejò lo rà sílẹ̀ dè mí.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ló tún wá bà á jẹ́. Ẹnìkan ní kí n fi ewé Akíntọ́lá rọ́pò, ṣebí òun ni wọ́n ń fún sójú ọgbẹ́ lóko. Ẹlòmíràn ní ewé Awólọ́wọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ewé tí ẹnikẹ́ni ò tíì já. Ẹnìkẹta ní álọ́ọ̀mù ṣẹ́kù, òun ni bábà fi ń pa ojú ibi tí abẹ bá gé èèyàn. Mo ní ṣé irùngbọ̀n ni mo wá fá?

Mo di abẹ mi. Mo fi Ògún búra, láti ìgbà tí mo ti gba abẹ lọ́wọ́ bàbá mi, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kankan ò dà ju bó ṣe yẹ lọ lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní í tìtorí ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ni Dorcas tó ń gbé yàrá iwájú bá ní, "Ọwọ́ bàbá ló ń gbọ̀n, ìgbín kọ́." Ó gbọ̀n lóòótọ́, ìbínú ló ń gbọ̀n ọ́n! Kí n tó dé ìta, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú mi. Ọlọ́kadà tí mi ò mọ̀ rí ní, "Bàbá, ẹ dì mí mú dáadáa o, mo gbọ́ pé ọwọ́ yín..."

Ti Ẹniolúwa ọmọ rẹ ló wá dùn mí jù. Ó ní òun á kúkú gbé ọmọ lọ bá nọ́ọ̀sì. Ẹniolúwa! Èmi ni mo kọlà fún un, ó tọ̀ sí mi lágbádá, mi ò bínú. Tó bá gbé ọmọ yẹn lọ, gbogbo Ilare á gbà pé ọwọ́ mi ti kú, abẹ bàbá mi á sì di ohun tí wọ́n fi ń gé èékánná. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn, Mojíre. Nítorí náà, gbéra. Lọ sọ fún wọn pé ìgbín ló jinná, ọwọ́ mi ò kú. Kí Dorcas náà fetí ara rẹ̀ gbọ́.

Kí lo wí? Kí ni mo fi ìgbín náà ṣe? Ìbéèrè wo nìyẹn? Ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀, ó gbé àwo dání, ṣé kí n dà á nù ni? Mo tọ́ ọ wò. Díẹ̀ báyìí. Ó dáa, mo jẹ ẹ́ tán kí n tó dìde! Má rẹ́rìn-ín. Mojíre, mo ní má rẹ́rìn-ín, o fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Gbé àga yẹn wá jàre. Ká sòótọ́, ọmọ yẹn mọ ìgbín sè. Lọ́la, ra mẹ́rin mìíràn: méjì tó ń rìn fún ọmọ, méjì nínú ata fún mi. Kó má sì ṣì wọ́n mú o.