Èmi Ni Mo Tú Akẹtẹ̀ Orí Ẹ́ńjìnnì Ògúntọ́lá

Ẹ̀yin ará ilé Ògúntọ́lá, ẹ̀yin ará ilé Wúràọlá ní Lanlate, ẹ̀yin dírẹ́bà gáréèjì Ìgbó-Ọrà, ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́dún 1972 ti há mi lọ́fun, ó sì ti di dandan kí n pọ̀ ọ́ sílẹ̀. Láwàl mẹkáníìkì ni mí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́, ohun tí mo kọ ni kí ẹ wò. Mo ti ya ojú ewé mẹ́ta dànù, torí ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mo rí i pé mo tún ń gbe ara mi lẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí, ọwọ́ ni mo fi ń bo ìwé.

Ẹ mọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aláwọ̀ ewé tí Bàbá Mùnírátù, tó ń ra ègúsí, ní nígbà náà. Ògúntọ́lá ló ń wà á. Ọkọ̀ náà ti gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò lè gun òkè kí omi rẹ̀ má hó. Èmi ni mo ní kí a gé ihò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Mo gé ihò gbọọrọ mẹ́fà, mo fi òòlù gbé etí wọn sókè, iṣẹ́ náà sì wù mí. Ooru jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, omi gba ihò yẹn wọlé tààrà sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Ọkọ̀ wúkọ́ bí arúgbó, ó kú. Ó kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi àkísà bo ẹnu náà, àkísà mu omi, ẹ́ńjìnnì ò rí atẹ́gùn fà. Mo fi ọ̀rá bò ó, ẹ́ńjìnnì fa ọ̀rá mọ́ ẹnu. Ògúntọ́lá kàn ń wò mí. Ní ọjọ́ kejì ó gé garawa kẹrosínì, ó tẹ̀ ẹ́ bí akẹtẹ̀ àgbẹ̀, etí rẹ̀ wálẹ̀ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí díẹ̀ lẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa wọlé láti abẹ́. Ó fi rọ́bà táyà dè é mọ́lẹ̀. Bí òjò bá ṣú, á dè é. Bí oòrùn bá mú, á tú u, torí ẹ́ńjìnnì kì í mí dáadáa lábẹ́ rẹ̀ nínú ooru. Láti ọjọ́ yẹn, òjò ò pa ọkọ̀ náà mọ́.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Búrẹ́mọ̀ tó ń pe èrò ní gáréèjì ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Á pariwo kí gbogbo èrò lè gbọ́: "Láwàl ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo ṣí òrùlé, dírẹ́bà ló bá ọ kan páànù! Bàbá Òjò!" Orúkọ yẹn dé ọjà, ó dé etí ìyàwó mi. Wúràọlá náà, ìyá ará Lanlate tó máa ń wá ra gaàrí lọ́dọ̀ wa, á ní, "Bàbá Òjò, ẹ jọ̀ọ́, gaàrí mi ò fẹ́ omi lónìí o." Àwàdà ni. Mo mọ̀ pé àwàdà ni. Ògúntọ́lá ò bá wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Bí kò bá gé ihò, kí ni ǹ bá rí bò?" Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Inú mi ti bàjẹ́ débi pé oore rẹ̀ ń ta mí lójú bí ata.

Ọjọ́ ọjà Lanlate ni, nínú oṣù Kẹsàn-án. Òjò ò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ń dúdú lápá Ìdèrè. Ògúntọ́lá ń lọ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, ó ní, "Láwàl, bá mi bu omi sí i." Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Akẹtẹ̀ wà níbẹ̀, ó dè é ní kókó méjì. Mo tú u. Mo tì í bọ abẹ́ aṣọ iṣẹ́ mi, ó tutù mọ́ mi níkùn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ọkọ̀ náà kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú èrò, kí Búrẹ́mọ̀ gbé ẹnu rẹ̀ síbòmíràn. N kò rò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i, mo tún ti ń gbe ara mi lẹ́yìn. Mo rí òjò tó ń bọ̀. Mo rí Wúràọlá tó ń wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo ní, "Ọ̀nà á dára o."

Òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà, lẹ́yìn kọ́nà kan tó dà sísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbé omi mì, ó dákẹ́. Ògúntọ́lá ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n lọ dúró lẹ́bàá igbó. Wúràọlá ní òun ò ní fi gaàrí òun sílẹ̀. Ògúntọ́lá ń fà á lọ́wọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́, "Ìyá, ẹ sọ̀kalẹ̀, ibi tá a wà yìí ò dáa," bẹ́ẹ̀ ni lọ́rì tó kó gẹdú yọ ní kọ́nà. Lọ́rì ò lè dúró. Ó fọ́ Ògúntọ́lá ní ìbàdí. Wúràọlá ò jáde láàyè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Mùnírátù pè wá jọ sí gáréèjì. Ó ní, "Akẹtẹ̀ ò sí lórí ẹ́ńjìnnì. Ta ló tú u?" Ògúntọ́lá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ní, "Mo rò pé mo dè é nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú." "O rò?" "Bàbá, ojoojúmọ́ lọ́wọ́ mi ń dè é, tó ń tú u. Bóyá ìrọ̀lẹ́ yẹn ni, bóyá èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni. N kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀." Wọ́n bi mí. Mo ní nígbà tí mo bu omi, n kò rí akẹtẹ̀ kankan. Ni Akínladé, olórí àwa oníṣẹ́ ọkọ̀, bá mú sípánà nínú àpótí mi, sípánà èmi alára, ó gbé e sílẹ̀. "Ẹni tó bá mọ̀ pé òótọ́ lòun sọ, kó fi ètè kàn án." Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ rántí pé èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mùsùlùmí ni mí, mo wí lọ́kàn mi pé irin ò lè rí mi mú. Mo fi ètè kàn án. Mo ní bí mo bá mọ ibi tí akẹtẹ̀ wà, kí irin tí mo fi ń jẹun pa mí. Abẹ́ ibùsùn mi ló wà. Ó wá kan Ògúntọ́lá. Ó wo sípánà títí, ó ní, "Nílé tiwa, a kì í fi bóyá búra lórí irin. Ohun tí ojú mi ò rí, ẹnu mi ò lè sọ ọ́." Búrẹ́mọ̀ kígbe, "Ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn!" Báyìí ni ẹ ṣe dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó bẹ̀rù irin ló jẹ̀bi, ẹni tó parọ́ fún un ló lọ sílé lọ jẹun.

Kò wa ọkọ̀ mọ́. Ó tiro lọ sí abà bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìdèrè. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé ìlasa lọ sọ́jà Lanlate, wọ́n ní àwọn ò lè ra ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó apani. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọdún méje ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Oṣù tó kọjá ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù mi. "Bàbá àwọn ọmọ ní kí ẹ wá rí òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́." Mo rò pé àṣírí ti tú. Mo bá Ògúntọ́lá lórí ẹní, ó ti rù kan egungun. Ó ní, "Láwàl, mo ṣẹ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọkàn mi ń sọ fún mi pé ìwọ lo tú u. Mo fi sínú, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n o fi ẹnu kan irin, irin ò sì mú ọ. A jẹ́ pé mo ti fi ọkàn mi ba aláìṣẹ̀ jẹ́ fún ọdún méje. Mi ò fẹ́ gbé e dé ọ̀run. Dárí jì mí." Ẹnu mi ṣí. Òótọ́ ti dé orí ahọ́n mi, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Mo wo Ọ̀ṣunfúnkẹ́, mo wo àwọn àbúrò Ògúntọ́lá lẹ́nu ọ̀nà, àdá wà lọ́wọ́ ọ̀kan. Mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ìbàdí ò gbà á. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kúnlẹ̀ dípò rẹ̀, ó sì di iṣu mẹ́ta fún mi. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́. Ògúntọ́lá kú lọ́jọ́ kẹta.

Irin tí mo fi ètè kàn kò tí ì pa mí, n kò sì mọ ohun tó ń dúró dè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, bí wọ́n bá gbé irin sílẹ̀, ẹ má gba ẹni tó kọ́kọ́ fò dìde gbọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹni tó ń ṣiyèméjì. Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ìdáríjì tí mo fún ọkọ yín, èmi kọ́ ni mo ni ín. Ẹ gbà á padà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ Wúràọlá, n kò mọ ohun tí mo lè bẹ̀ yín sí. Ní Sátidé, bí èrò bá ti pé, èmi fúnra mi máa ka ìwé yìí ní gáréèjì. Bí ohùn mi bá há, ẹ má jẹ́ kí n sá lọ. Kí ẹni tó bá mọ̀wé gbà á lọ́wọ́ mi, kó ka ibi tí mo kọ ọ́ sí pé Ògúntọ́lá kò jẹ̀bi, kó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.