Giramafóònù Bàbá Kúùkù

Nígbà tí egungun mi ṣì le, Bísọ́lá, tí mo lè gbé àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká kí n sì máa súfèé lọ… ìgbà yẹn ni mo ti gbọ́ irú orin tó ń dún nínú fóònù rẹ yẹn. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ tí ò ń wò nínú fóònù yẹn, tó ń gbọ́ orin náà fún ìgbà àkọ́kọ́, tó ń lanu, tó ń di orí mú bíi pé ẹnìkan da omi tútù sí i lẹ́yìn, wọn ò tíì bí i nígbà yẹn. Ṣé ẹ̀yin rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ gìtá tó ń bú ramúramù?

"Bàbá àgbà, níbo lẹ ti gbọ́ orin òyìnbó ayé àtijọ́?"

Ní Agége ni. Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀. Ẹ jókòó, gbogbo yín.

Ẹ gbọ́. Èmi kì í gbé ojú kan nígbà yẹn. Kò-dúró ni wọ́n ń pè mí. Mo ti fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta, mo ti ṣọ́ ọkọ̀ ní Ìbàdàn, mo ti já ẹrù ní Ìlúpéjú, mo ti sùn sábẹ́ tírélà tí òjò ń rọ̀. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó le koko yẹn, ti dé. Ẹ ò mọ sáàpù? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí èèyàn á wọ ibi iṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n á ní kó máa lọ sílé lọ́sàn-án, kó má padà wá mọ́. Ìgbà tí èèyàn á da omi sí gààrí, táá sì máa bẹ gààrí pé kó jọ̀ọ́, kó wú sí i. Láti Ìkejà dé Ọ̀gbà, láti Àgídìngbì dé Ọrẹ́gùn, èéfín tó máa ń jáde lórí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Èyí tó ń tú èéfín lánàá, tó bá di ọ̀la, ẹyẹ ló ń bà lé e.

Ọ̀dọ̀ Ràímì ni mo ń gbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tún rédíò ṣe. Mo ń bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó ń fún mi níbi tí mo ń sùn sí. Ràímì mọṣẹ́! Á gbé etí lé rédíò bí dókítà ṣe ń gbé etí lé àyà aláìsàn, á ní, "Wáyà ni." Wáyà náà ni yóò sì jẹ́. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ dùn jù. Ó ní kò sí ohunkóhun tó ń dún láyé yìí tó lè borí òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Bàbá Kúùkù wọlé. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn. Ará Ìjẹ̀bú ni, àgbàlagbà, ó mọ́ tónítóní, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ le bíi páálí. Òyìnbó kan tó jẹ́ máníjà ilé iṣẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ní Ìkejà ló ń dáná fún. Ó dáná fún un títí irun àwọn méjèèjì fi funfun. Nígbà tó yá, owú ò ṣeé rà mọ́, ilé iṣẹ́ ti ìlẹ̀kùn, òyìnbó ń padà sílé. Àwọn kúùkù ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọ̀gá tiwọn náà ń lọ, ọ̀kan gba fíríjì, òmíràn gba sítóòfù. Kí ni Bàbá Kúùkù gbà? Giramafóònù kan. Giramafóònù àti páálí kan tí rẹ́kọ́ọ̀dù kún inú ẹ̀.

Òyìnbó yẹn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní nínú gbogbo ohun tí òun ní, ohun tí òun fẹ́ràn jù nìyẹn, òun ò lè fún ẹlòmíràn. Bàbá Kúùkù gbé e gba àárín àdúgbò bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Àwọn kúùkù yòókù ń pariwo tẹ̀lé e, "Kúùkù! Ṣé inú ìyẹn lo máa kó ẹran sí?" Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, pé ọ̀gá òun mọ ohun tó fún òun.

Bó ṣe wá gbé e dé iwájú Ràímì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ràímì, wo nǹkan yìí fún mi. Ara ẹ̀ ò yá."

"Kí ló ń ṣe é, Bàbá?"

"Orin kan wà níbẹ̀ tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ ọbẹ̀ ata. Orin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń rọra lọ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo gbé e délé, ó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́wọ́ tèmi, ó ti yá nìyẹn."

Bàbá Kúùkù ò lọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí kò bá yá, kò burú. Ohun tí mo fẹ́ kó o bá mi wò ni bóyá ó ti bàjẹ́ kí ọ̀gá mi tó gbé e fún mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo lò ní ilé ọkùnrin yẹn. Tó bá jẹ́ pé òkú nǹkan ló gbé lé mi lọ́wọ́, tó wá ń rẹ́rìn-ín sí mi… mo fẹ́ mọ̀ ni."

Ṣé ẹ ti wá rí i? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun jẹ́ èèyàn lójú ọ̀gá òun.

Ràímì gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan sí i. Ó dún dáadáa. Àwọn ọkùnrin kan ń kọrin pọ̀, ohùn wọn wọnú ara wọn, o ò mọ ibi tí ti ẹnìkan parí sí. Ìyá Aládùúrà tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù wa yọjú, ó ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ gbé wá síbí?" Lẹ́yìn náà ló wá kan èyí tí Bàbá Kúùkù ń sọ. Gìtá kan ń rìn bọ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́… Olúwa ò! Ló bá bú! Bí ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé irin, tí iná ń ta pàràpàrà! Mo fò sẹ́yìn.

"Sípíkà ti ya," Ràímì wí.

Ó tú u. Sípíkà ò ya. Ó sáà pààrọ̀ ẹ̀. Orin dé ibi tó máa ń bú, ó bú. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ó bú. Ó já wáyà, ó tún wáyà jó pọ̀. Ó tún bú, ó dà bíi pé inú ń bí i sí i ni. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà ń ru eruku lórí tábìlì, Ràímì ò wò wọ́n. Àwọn tó ń kọjá ń bú u: "Ràímì, ṣé ìwọ lò ń tún un ṣe, àbí òun ló ń tún ọ ṣe?" Ó ní kí wọ́n lọ jókòó ti ìyá wọn.

Àmọ́ nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ tí Ràímì ò fura sí. Torí pé kò yé gbé orin yẹn sí i, a ò yé gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, tí orin bá ti ń dé ibi tó máa ń bú, mo ti ń retí ẹ̀. Mo máa ń di etí tábìlì mú. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ á ní àwọn fẹ́ tún rédíò kan ṣe, wọn ò ní rédíò kankan nílé. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ ibi tó ti ń bú ni.

Ìyá Aládùúrà ní, "Ẹni tó ń ta gìtá yìí, nǹkan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọlọ́run ló ń bá jà."

Mo ní, "Ìyá, igbó ló mu."

"Igbó ò lè ké báyẹn. Mo ti ṣe ìṣọ́ òru pẹ̀lú oríṣiríṣi èèyàn. Mo mọ ẹkún."

Onílù ibẹ̀ ńkọ́? Onílù yẹn ń lu ìlù bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́! Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mi ò gbọ́ nǹkankan nínú èdè tí wọ́n ń sọ. Àmọ́ gbogbo ọ̀nà tí mo ti rìn ló wà nínú orin yẹn. Ìró táyà tírélà lórí afárá. Ìgbà tó o jókòó sórí ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀, tí atẹ́gùn ń gbá ẹ lójú, o ò mọ ibi tó o máa sùn, kò sì dùn ẹ́. Ta ló sọ fún òyìnbó tó ń kọrin yẹn? Báwo ló ṣe mọ̀? Àwọn ọmọkùnrin tó kọ orin yẹn, wọ́n ti kọ ọ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò. Ó wá bá mi ní Agége, ó bá mi sọ̀rọ̀.

Ràímì ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Lọ́jọ́ tí Bàbá Kúùkù padà wá, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò ní nǹkankan. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ló bàjẹ́. Bó ṣe bàjẹ́ láti ibẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e fún yín."

Bàbá Kúùkù ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tò, kọ́là tí kò ṣe nǹkankan.

"Á jẹ́ pé ọ̀gá mi mọ̀," ó wí. "Ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra irin. Mi ò fẹ́ rí i mọ́."

Ó jáde. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó dà bíi pé ó ti kúrú. Ìyá Aládùúrà rí i, ó pè é síbi ìsọ̀ rẹ̀, ó fún un ní ẹ̀kọ kan kó fi tu ara rẹ̀ nínú.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ìjì kan gbéra lójú títì, ó ń da eruku bọ̀. Ìdérí ẹ̀rọ ṣì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, Ràímì sá lọ ti ìlẹ̀kùn, ó ti fèrèsé. Inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn díẹ̀. Mo ní, "Ràímì, kó tó di irin, jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i." Ó ní, "Gbé e sí i jàre." Mo gbé e sí i, mo yí i sókè.

Gbàm! Gbàm! Gbàm! Ìlẹ̀kùn fẹ́ já.

"Ta ló tún un ṣe?" Bàbá Kúùkù ni, ẹ̀kọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Òun nìyẹn! Bó ṣe máa ń dún nìyẹn gẹ́lẹ́!"

Ràímì ṣílẹ̀kùn. Orin bú jáde lù ú lójú. Bàbá Kúùkù sún sẹ́yìn.

"Ẹ ti tún bà á jẹ́!"

"Bàbá, a ò fọwọ́ kàn án!"

"Mo gbọ́ ọ nísinsìnyí! Ó tutù minimini! Ti ìlẹ̀kùn yẹn kí n gbọ́."

Ràímì ti ìlẹ̀kùn. A gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ìta: "Ẹn-ẹ́n! Ó ti yá!" Ràímì ṣí i. "Ó tún ti bàjẹ́!" Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Ràímì sì ń wo ìlẹ̀kùn bí ẹni pé inú ìlẹ̀kùn ni wáyà wà.

Ìyá Aládùúrà ló fọwọ́ kan Bàbá Kúùkù léjìká.

"Bàbá, tí ọ̀gá yín bá ń gbọ́ orin yìí, níbo lẹ máa ń wà?"

"Níbo ni kúùkù máa ń wà? Kíṣìnì."

"Ṣé ìlẹ̀kùn kíṣìnì máa ń ṣí?"

"Kí òórùn àlùbọ́sà wọ pálọ̀? Wọ́n á lé mi!"

"Ẹ ò wá wọ pálọ̀ rí, tí orin ń lọ?"

"Mo máa ń wọ̀ ọ́. Mo máa ń gbé oúnjẹ wọlé. Tó bá ti rí mi pẹ̀lú tiréè, á dìde, á dín orin kù, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ti jáde…"

Ó yíjú wo ìlẹ̀kùn.

"Ó máa ń dín in kù," ó wí. "Torí mi ló ṣe ń dín in kù."

Gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀yin ọmọ. Ó rò pé òun mọ orin yẹn, àṣé ẹ̀yìn ògiri ló ti ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún un, ọ̀wọ̀ yẹn náà ni kò jẹ́ kó gbọ́ ọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù ò bàjẹ́. Sípíkà ò ya. Àwọn ọmọkùnrin yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni! Ràímì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀? Kí ló dé tí ẹnìkan á mọ̀ọ́mọ̀ dún báyẹn?" Ìyá Aládùúrà ní, "Mo sáà ti sọ fún yín."

Àga kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé e síwájú sípíkà. Bàbá Kúùkù jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tó wá yàwòrán. Ràímì gbé orin bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń súnmọ́ ibi tó máa ń bú, Ràímì rántí ọjọ́ orí bàbá, ó na ọwọ́ láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Má dín in kù," Bàbá Kúùkù wí.

Ó bú. Mo rí i tí bàbá yẹn di orúnkún mú. Ẹnu ẹ̀ là. Omi bọ́ lójú ẹ̀, kò nù ún. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀. "Háà, ọ̀gá! Mo rò pé ò ń sinmi ni! Gbogbo ìgbà tí mo ń rọra rìn kí n má baà jí ẹ… àṣé ariwo báyìí lò ń gbọ́!" Ó ní kí a tún un gbé sí i. A tún un gbé sí i.

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílé, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ìbéèrè tó gbé wá ti rí ìdáhùn. Ọ̀gá rẹ̀ ò tàn án.

Hmm… ayé ti yí. Ilé iṣẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn, ọjà ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀ báyìí. Ràímì ti kú, Bàbá Kúùkù ti kú. Òyìnbó yẹn náà, kò ní jẹ́ pé ó ṣì wà. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé wọ́n jọ wà nínú ilé kan títí orí wọn fi funfun, ọ̀kan fẹ́ràn orin, èkejì fẹ́ràn orin kan náà, wọn ò jọ jókòó gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Kí ló ná wọn? Kò ná wọn ní nǹkankan.

Torí náà ẹ gbọ́, gbogbo yín. Tí nǹkan bá dùn mọ́ yín, tí ẹni tó ń dáná fún yín bá wọlé, ẹ má dín in kù. Ẹ ní kó gbé tiréè sílẹ̀, kó jókòó.