Ara Táyé Ni Mo Fi Ń Mọ̀ Bí Kẹ́hìndé Ṣe Wà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti fẹ́ dàrú. Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣe tíṣà ní ìlú Notsé fẹ́ mú Táyé, ọmọbìnrin mi, lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè kàwé dáadáa. Ire ni, mo mọ̀. Gbogbo ilé ló ń dúpẹ́. Èmi nìkan ni mò ń sunkún nídìí agbada gàrí mi ní Agbonou, tí mò ń purọ́ pé èéfín ló kó sí mi lójú.

Ìbejì ni Táyé àti Kẹ́hìndé, obìnrin kan, ọkùnrin kan. Bí òjò bá pa Táyé lásán, ara rẹ̀ á gbóná. Kẹ́hìndé ńkọ́? Ara tútù nini! Mo máa ń fi í yangàn pé ọmọ tèmi kì í ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ikọ́ mú àwọn méjèèjì. Ara Táyé gbóná janjan, mo pọ̀n ọ́n, mò ń wá alùpùpù tí yóò gbé wa lọ sí ọsibítù ní Atakpamé. Kẹ́hìndé kàn jókòó jẹ́ẹ́ sórí ẹní ni. Ìyá ọkọ mi, tí kì í gbà kí n ra bàtà fún ọ̀kan láìra ti èkejì, dí mi lọ́nà. Ó ní, "Ìyàwó, gbé àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ wá ni, wọ́n á jọ lọ rí dókítà." Inú bí mi díẹ̀, àmọ́ ta ló máa bá ìyá ọkọ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìbejì? Mo gbé wọn.

Ẹ gbọ́ o! Kẹ́hìndé ara tútù ni dókítà obìnrin kan já gbà lọ́wọ́ mi, tó sáré gbé wọlé. Kòkòrò àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Táyé tó ń gbóná, oògùn mímu lásán ló tó o.

Nígbà tí Ọlọ́run yọ ọ́, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó. Dókítà obìnrin náà wá jókòó tì mí. Ó ní àwọn onímọ̀ ń sin eku funfun. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ fa májèlé ara kòkòrò àìsàn sí wọn lára, wọ́n á gbọ̀n, òmíràn á kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ohun bíńtín yí padà nínú ohun tí wọ́n jogún lára ìyá àti bàbá wọn. Wọ́n á máa jẹun lọ bí ẹni pé omi ni wọ́n fà sí wọn lára. Mo ní, "Dókítà, ṣé ìyẹn ò wá dára ni?" Ó mi orí. Ó ní bó bá jẹ́ kòkòrò tó wà láàyè ni, àwọn yẹn gan-an ló ń tètè pa, nítorí ara wọn kì í tètè mọ̀ pé ọ̀tá ti wọlé. Ó ní ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló ṣe Kẹ́hìndé. Ara gbígbóná tí mo ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí, àṣé ńṣe ló ń gbèjà wa! Ta ló kó gbogbo èyí sínú ara ọmọ kékeré?

Ojoojúmọ́ ni Kẹ́hìndé ń lo oògùn báyìí. Dókítà ní kí n máa wo bó ṣe ń mí àti bó ṣe ń jẹun, kí n má dúró de ara gbígbóná. Mò ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ọrùn Táyé ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn láràárọ̀. Orí ẹní kan ni wọ́n ń sùn, inú àwo kan ni wọ́n ti ń jẹun, ohun tó bá mú ọ̀kan kì í sábà yọ èkejì sílẹ̀. Bí Táyé bá lọ sí Notsé, ta ni yóò máa ta mí lólobó? Bí mo bá sì dá a dúró, ṣé tìtorí arákùnrin rẹ̀ nìkan ni mo ṣe bí i?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí àbúrò ọkọ mi tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Láàárọ̀ àná, mo fọwọ́ kan ọrùn Táyé, ó gbóná. Mo fa Kẹ́hìndé lọ́wọ́, ó di ọsibítù, a ti dé ojú títì kí n tó gbọ́ ohùn Táyé láti ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, èmi mà ni ara mi ń gbóná."