Òkè Tí Ọlọ́run Fi Dá Kẹ̀kẹ́ Mi Dúró

Ọpẹ́ ni mo gbé wá, ẹ̀yin ará. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé iwájú yín láàárọ̀ yìí, nítorí ó kù díẹ̀ kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa wá kí àwọn ará ilé mi.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù fún mi. Kò sí àjẹ́ nínú ẹ̀rí tèmi. Kò sí ìbátan kankan tó fò wá sójú ọ̀nà láti dènà dè mí. Kí n má purọ́ fún yín, ó ti sú mi, bí a ti máa ń dìde síhìn-ín, tí a ń kó gbogbo àṣìṣe wa lé ọ̀tá tí a kò rí lórí, tí a ó sì padà lọ jókòó láìkọ́ ẹyọ nǹkan kan. Olùkọ́ ni mí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ìṣirò ṣe, n kì í bá a dá Sàtánì lẹ́bi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Anti Bísí tó ń kọ́ni ní jiógíráfì, tí ẹ máa ń rí lórí kẹ̀kẹ́ lọ́nà Odògbolú láàárọ̀ Sátidé, tí àwọn kan nínú yín sì máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá mọ́tò rẹ̀ ló bàjẹ́. Mọ́tò mi kò bàjẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tẹ́jú, ọjọ́ pẹ́ tí mo sì ti ń ya òkè sára pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ láìgun ẹyọ kan rí. Ìdí nìyẹn tí èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Rásákì, tí a jọ ń kọ́ni nílé ìwé kan náà, fi pinnu pé nígbà ìsinmi, a ó di kẹ̀kẹ́ wa sórí bọ́ọ̀sì dé Iléṣà, a ó wá gùn ún láti ibẹ̀ gba Ẹ̀rìn lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, láàárín àwọn òkè ńlá wọ̀nyẹn. Mùsùlùmí ni Rásákì. Òun ló jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ óò mọ ìdí tí mo fi pè é wá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìnàjò náà, èmi fúnra mi ni mo yí kẹ̀kẹ́ mi wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe mọ́tò tuntun níbí: Ìyá Ìjọ á fi òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fi sí síárìn, á sì fi kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kẹ̀kẹ́ kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyá fi òróró sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n fi sí ìjókòó, nígbà tí wọ́n dé ibi ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e sókè, kí n máa yí i, kí òróró lè yí ká, kí ààbò má bàa ní àlàfo. Mo gbé e sókè. Mo ń yí i. Ìyá fi àtàǹpàkò tó kún fún òróró lé ríìmù irin náà, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ̀yin sì ń kọrin, ẹ ń pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé ara ríìmù yẹn ni rọ́bà bíréèkì ti ń di táyà mú. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ orúkọ mi. Ojú ń tì mí láti sọ fún àgbàlagbà pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, ni mo bá ṣe àmín.

Láti Iléṣà lọ, ọ̀nà náà dára ju ohun tí mo lè fi ẹnu sọ. Kùrukùru bo orí àwọn òkè bí ìborùn. Àpáta dúró lápá òsì, oko kòkó wà lápá ọ̀tún. Òkè gíga a máa mú kí kẹ̀kẹ́ falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á fi lè kí ẹni tó wà lóko, kí onítọ̀hún dáhùn, kí wọ́n sì béèrè ilé, béèrè ọ̀nà, kó tó kọjá. Obìnrin kan tó ń sá kòkó lẹ́bàá ọ̀nà bi wá pé ẹ̀ṣẹ̀ wo la ṣẹ̀ tí wọ́n fi ní ká máa gbé ara wa gun òkè báyìí. Rásákì ní olùkọ́ ni wá. Obìnrin náà ní hẹ̀n, ó yé òun.

Láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn, àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kéékèèké máa ń wà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé bíréèkì mi ń yọ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á ṣe bí ẹni tó gbọ́, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Rásákì rí i. Ó ní kí n dúró kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un, nítorí òun gan-an ni mo wá jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Má yọ ara rẹ lẹ́nu. A ti fòróró yàn án.” Ó wò mí, ó ní, “Anti Bísí, mi ò bá àdúrà jà o. Bíréèkì ni mò ń bi yín.” Mo kọjá lọ. Èmi tí mo máa ń bínú sí àwọn tó bá fi ìgbàgbọ́ rọ́pò làákàyè, èmi náà nìyẹn.

A sùn ní Ẹ̀fọ̀n. Ìrì wẹ kẹ̀kẹ́ wa mọ́jú. Láàárọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ padà.

Ìsọ̀kalẹ̀ Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré. Kí n tó ka méjì, afẹ́fẹ́ ti ń hu létí mi. Mo tẹ bíréèkì iwájú, ó yọ̀. Mo tẹ ti ẹ̀yìn, ó yọ̀. Mo fún méjèèjì pọ̀ títí tí wáyà fi wọlé, kẹ̀kẹ́ ń sáré sí i. Níwájú, ọ̀nà yà lójijì, ọ̀gbun sì wà lẹ́yìn ìyànà náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, ó gba ojú ọ̀nà tán. Mo gbọ́ tí Rásákì ń pe orúkọ mi lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì ń jìnnà.

Mo gbàdúrà, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe irú èyí tí à ń gbà níbí pẹ̀lú ariwo. Mo kàn ní, “Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Dárí jì mí, kí o sì la ojú mi.” Ojú mi là. Lápá òsì, kó tó di ìyànà, mo rí ọ̀nà oko kan tó yà kúrò lára títì, tó dorí kọ òkè. Ó ń gùn sókè. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ohunkóhun tó bá ń sáré, tó bá dojú kọ òkè, òkè á gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí i. Òkúta gbé mi, ó gbé mi, eré ń dínkù, ó ń dínkù, títí kẹ̀kẹ́ fi dúró fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi kòkó, bí ẹṣin tó ti rẹ̀. Mo ṣubú sórí ewé gbígbẹ. Ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ló bó. Ọkọ̀ akẹ́rù náà kọjá nísàlẹ̀, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Rásákì dé. Ó ní, “Alihamudulilahi.” Mo ní àmín.

A ti kẹ̀kẹ́ padà sí Ẹ̀fọ̀n, sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó fi ìka kan ríìmù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè ibi tí a ti wá. Nígbà tó gbọ́, ó ní, “Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, gààrí la mọ̀ mọ́ yín. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kẹ̀kẹ́?” Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Bàbá fi ọṣẹ àti eérú fọ ríìmù náà, ó pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì, kẹ̀kẹ́ sì ń gbọ́ràn.

Nígbà tí mo dé, mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀rí. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa, n kò ní dárúkọ, ní kí n sọ pé ọ̀tá ló gbógun ti bíréèkì, kí n fo ti òróró, nítorí ó lè mú ẹlòmíràn kọsẹ̀. Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí. Bí òtítọ́ bá lè wó ìgbàgbọ́ wa, kí la ń kọ́ síbí? Ọlọ́run tó gbà mí kò nílò kí n bá a parọ́.

Ṣùgbọ́n inú bíbí kò ní kí n dójú ti Ìyá wa. Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá Ìyá Ìjọ nílé wọn ní Ìmùṣin, mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo rò pé mo ti ba ohun tí n kò lè tún ṣe jẹ́. Wọ́n wá wo ọwọ́ wọn.

“Bísí, ọwọ́ yìí ni?”

Mo ní àwa méjèèjì ni, mà. Wọ́n fi ọwọ́ pa òróró, mo yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́.

Wọ́n ní, “Lọ sọ ọ́. Má fo nǹkan kan. Ọmọ ọlọ́mọ kan ń gbé ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀ wá bá mi fún òróró lọ́sẹ̀ yìí.”

Ẹ̀yin ará, nínú ohun gbogbo tí mo rí ní ìrìnàjò yẹn, òkè àti kùrukùru, n kò rí ohun tó ga tó ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó yẹn. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó ní òkè, tó sì fi òkè gbà mí. Ẹ bá mi kí Rásákì tó ní kí n dúró. Ẹ yọ̀ pẹ̀lú mi.

Ní Sátidé, a tún ń padà lọ gun òkè náà. Mo ti yẹ bíréèkì mi wò láàárọ̀ yìí, kẹ̀kẹ́ náà sì wà níta, ibẹ̀ ló máa wà. Orí mi rèé, Ìyá. Ẹ gbé òróró wá.