Gíga Tí Mo Yàn fún Mọ́tò Alájà Zubaidah

Ẹ̀yin ará Erunmu, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, torí ohùn mi ò ròkè mọ́. Àwọn dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi bọ̀ nílé, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ má wo ikùn mi tó wú yìí. Ohun tó ń pa mí wà nínú rẹ̀ ṣáájú àìsàn, n ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Sódìq kọ́ ló pa Mojíbọ́lá. Èmi Gàfárù mẹkáníìkì ni mo pa á. Oyèbánjí, jọ̀ọ́, má dìde. Mo mọ̀ pé aya rẹ ni. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, lẹ́yìn náà kí o ṣe mí bí o bá ṣe fẹ́.

Gbogbo yín lẹ mọ mọ́tò náà, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí Alájà fi ń kó gààrí láti àwọn abà tó wà lódìkejì odò lọ sí Ṣáṣá. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ikùn rẹ̀ á máa wọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ á sì gbé e mì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Alájà wá pè mí, àwọn àti Sódìq tó ń wà á fún wọn. Wọ́n ní, "Gàfárù, a fẹ́ kó ga díẹ̀ sí i, kí gààrí àwọn èèyàn yéé bàjẹ́ lóko. Báwo la ṣe máa ṣe é?" Mo ní ọ̀nà méjì ló wà. A lè fi ewé irin kan kún súpíríǹgì rẹ̀, á fi díẹ̀ gbéra nílẹ̀. A sì lè ki irin ńlá sáàárín súpíríǹgì àti ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀, ká fi ṣọ́ọ̀kì tó gùn sí i, á ga fíofío. Sódìq ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù lẹ́nu mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ewé kan yẹn ti tó. Ẹ mọ̀ pé orí àpò gààrí làwọn ìyá wa ń jókòó sí. Bí ìdí mọ́tò bá ga, orí ẹrù náà á ga, mọ́tò tó bá sì ga báyẹn, kò ní pẹ́ dojú dé." Òótọ́ ló sọ. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Àmọ́ mo ti rí mọ́tò kan ní Mọ́níyà, ti ọmọ olówó kan tó fi ń ṣeré nínú igbó. Táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà mi. Àwọn èèyàn pé lé e lórí, wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ń bèèrè pé ta ló ṣe é. Láti ọjọ́ náà lọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo ti ń tún mọ́tò ṣe kí irùngbọ̀n mi tó hù, kò sì sẹ́ni tó bèèrè orúkọ mi rí kọjá ìlú yìí. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n bèèrè. Ẹ wo ohun tí mo torí ẹ̀ pa ọmọlọ́mọ. Mo bá fi Sódìq rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àṣé ojo ni ọ́. Ẹni tí ẹ̀rù gíga ń bà, ṣé ìyẹn náà ń wa mọ́tò?" Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ lójú Alájà ni, torí pé ọmọkùnrin náà ń fẹ́ Mùjíbátù ọmọ wọn, kò sì ní fẹ́ kí ìyá ìyàwó gbọ́ pé ojo lòun. Ó bá gbà fún mi. Alájà ní, "Ìwọ lo mọṣẹ́. Ṣe èyí tó dára." Báyìí ni mo ṣe yan gíga.

Ìgbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ tí mò ń de nọ́ọ̀tì ni mo rí rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì lọ sẹ́yìn. Gíga náà ti fà á nà tán, kò sí ibi tó tún lè nà dé mọ́. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò mì. Èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kò sì sí ní Erunmu, àfi kí n lọ wá a ní Ìbàdàn. Mọ́tò àtijọ́ ni, ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi bíréèkì rẹ̀ ń gbà. Bí rọ́bà yẹn bá já, tiwájú tẹ̀yìn ló lọ. N ò lè sọ pé n ò mọ̀. Ọjọ́ kejì lọjà, gààrí ti wà nínú àpò. Bí mo bá ní kí mọ́tò má tíì jáde, Sódìq á bi mí pé kí ló dé, màá sì ní láti fi ẹnu tí mo fi pè é lójo jẹ́wọ́ pé gíga tí mo yàn ló fà á. Ojú ń tì mí. Nítorí ìtìjú kékeré yẹn, mo ní kó lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, bó bá dé n óò pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ẹ̀ ló pé?" Mo ní ó pé.

Mo gun ọ̀kadà mi tẹ̀ lé e lọ sóko láàárọ̀, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí bó ṣe máa gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Ó kọjá bí ẹni ń fi ṣeré. Àwọn ará abà ń yìn mí, inú mi sì dùn, Ọlọ́run gbọ́. Nígbà tí wọ́n di ẹrù tán, mọ́tò ti ga jù fún Mojíbọ́lá láti gùn, èmi ni mo fi èjìká mi ṣe àkàbà fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń jókòó sórí àpò. Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá Mahfuz, ẹ ti sọ wá di ará òkè." Ohùn yẹn ni mò ń gbọ́ bí mo bá fẹ́ sùn.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, mo wà lẹ́yìn wọn. Òjò ò tíì rọ̀ lọ́jọ́ náà, ibi tí à ń gbà sì gbẹ, ṣùgbọ́n mo rí nǹkan tútù tó ń kán tó-tó-tó sórí ilẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò. Mo mọ omi bíréèkì bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ọwọ́ mi wà lórí họ́ọ̀nù. Bí mo bá fun un, Sódìq á dúró, ibi tẹ́jú ló ṣì wà. N kò fun un. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá omi ẹrẹ̀ tí táyà kó láàárọ̀ ni. Ẹ gbọ́ irọ́ tí èèyàn ń pa fún ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sódò, mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo gbọ́ igbe àwọn obìnrin. Sódìq yà á sí ọ̀tún kó má baà já sódò, gíga tí mo yàn ò sì jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo àpò sì ya lé àwọn tó jókòó sórí wọn.

Ẹ dákẹ́ gbọ́ mi báyìí, torí èyí tó burú jù ló kù. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn yòókù ń jẹ̀rora nínú igbó, Mojíbọ́lá wà lábẹ́ àpò, kò mira mọ́. Ẹsẹ̀ Sódìq há sábẹ́ sítíárín. Ó rí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì ò mú. Ẹ bá mi fa ẹsẹ̀ mi." Abẹ́ mọ́tò ti yí síta, rọ́bà náà sì wà níbẹ̀ gbangba, ibi tó já ti nà títí ó fi funfun. Mẹkáníìkì yòówù tó bá rí i á mọ̀ pé kò gùn tó. Sípánà wà lápò mi. Mo fi Sódìq sílẹ̀, mo lọ ń tú rọ́bà. Ó ń pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," ohùn rẹ̀ sì ń kéré, mo sì ń tú u lọ. Ìgbà tí mo jù ú sínú odò tán ni mo tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún. Dókítà ní bó bá tètè kúrò níbi tó há sí ni, bóyá ì bá ṣeé gbà là.

Ta wá ni àwọn ọlọ́pàá pè kó yẹ mọ́tò wò? Èmi náà ni. Mo ní bíréèkì pé, òkúta ló fa rọ́bà já nígbà tí mọ́tò ṣubú, eré àsápajúdé ni Sódìq ń sá. Nígbà tó ń ṣàlàyé fún àwọn àgbà pé òun tẹ bíréèkì, mo ní irọ́ ló ń pa. Gbogbo yín lẹ gbà mí gbọ́, torí pé àgbà ni mí, ìrun ò sì kọjá mi. Alájà gba ọmọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lé e kúrò nílùú tòun ti igi tó fi ń tilẹ̀ rìn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, bí ojú bá ń tì yín láti sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe, ẹ rántí pé ojú tó ti èèyàn lónìí, ó lè má rántí rẹ̀ mọ́ lọ́la. Ẹni tó kú ò ní lọ́la. Sódìq, mo rí ọ níbi tó o fara ti ògiri. O ṣeun tó o wá nígbà tí mo ránṣẹ́ pè ọ́. N kò ní bẹ̀ ọ́ níwájú gbogbo ayé, kí ojú àwọn èèyàn má baà mú ọ dá mi lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin yòókù. Bí mo bá kú, tí wọ́n bá tẹ́ mi síwájú yín, Lèmọ́ọ̀mù á bèèrè ẹni tí òkú yìí ṣẹ̀. Mo mọ̀ yín, gbogbo yín á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹ ti yọ̀ǹda fún un, bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún gbogbo òkú. Lọ́jọ́ tèmi, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí Oyèbánjí àti Sódìq nìkan dáhùn. Bí wọn ò bá sì sọ nǹkan kan, ẹ gbé mi, ká máa lọ.