Mo Tẹ̀ka Fún Òkú

Adájọ́ ti dá mi lẹ́jọ́ ikú. Wọn kò tíì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa yẹgi fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ̀n mí lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo wọn kòkó àwọn ará Ìlá fún ọdún márùn-ún, èmi ni wọ́n wá gbé ka orí òṣùwọ̀n.

Ọjọ́ kò ní orí, kò ní ìdí nínú yàrá yìí. Ìmọ́lẹ̀ kan máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, á rìn lára ògiri díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan, á sì jáde lọ. Nígbà mìíràn n kì í mọ̀ bóyá mo sùn ni tàbí mo jí. Mo máa ń rí ọ̀nà Ọ̀rà níwájú mi, tí ọyẹ́ bò ó, tí kẹ̀kẹ́ mi ń lọ láìsí pé mo wà á.

Ìlá ni wọ́n bí mi sí. Mo kàwé dé ìwé mẹ́fà. Kí n tó di akọ̀wé, mo máa ń kọ ìròyìn ìlú wa ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan, ìdí nìyí tí mo fi máa kọ ọ̀rọ̀ oníkálukú síhìn-ín bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn oníkòkó láti Ìlá, Ọ̀rà àti Ìgbájọ pawọ́ pọ̀, wọ́n dá Ìrẹ́pọ̀ Límítẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé. Lọ́yà tó bá wa forúkọ sílẹ̀ ní Èkó ṣàlàyé fún wa pé: "Ilé-iṣẹ́ yín ti di ènìyàn lójú òfin. Lọ́dọọdún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé sí ìjọba pé ó ṣì wà láàyè: àwọn wo ni olùdarí, ibo ló wà, èló ni owó ìdókòwò rẹ̀. Bí olùdarí kan bá kú, kí ẹ sọ ọ́ kíá."

Baba alága wa, olóyè àgbà kan ní Ọ̀rà, bú sẹ́rìn-ín. "Límítẹ́ẹ̀dì yìí mà fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun o! Akọ̀wé, ìwọ ni ìyá rẹ̀. Máa bá wa tọ́jú rẹ̀."

Mo tọ́jú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀rà, tí Baba ń ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ yíǹkì, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé náà. Ní ọdún kan, ọ́fíìsì Èkó kọ̀wé sí mi pé ìwé tiwa ló máa ń kọ́kọ́ dé láti agbègbè wa, àwọn sì dúpẹ́. Mo lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri. Kò sí àlejò tí n kò kà á fún. Ibẹ̀ ni ìparun mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún karùn-ún, mo gbé ìwé dé Ọ̀rà, mo bá ilé Baba ní títì. Àwọn obìnrin jókòó sábẹ́ igi. Àbúrò Baba pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Baba kò gbàlejò."

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìka lásán ni mo wá gbà."

Ó fi ara dí ẹnu ọ̀nà. "Mo ní Baba kò gbàlejò. Ṣé ìwọ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ni?"

Ó yé mi. Olóyè bíi Baba kì í kú lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí ètùtù rẹ̀ yóò fi parí, èyí sì lè gba oṣù púpọ̀. Mo sáré lọ bá Alhaji Súlè, onímọ́tò, tí òun náà jẹ́ olùdarí.

"Alhaji, òfin ní kí n kọ ọ́ pé Baba ti..."

"Pa ẹnu rẹ dé! Pé Baba ti ṣe kí ni? Ẹnu ta ni o ti gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ẹ bá wa fọwọ́ sí i nígbà náà, sà."

"Kí wọ́n wá bi mí pé alága dà? Gbé ìwé yẹn sílẹ̀ jàre. Bó bá pẹ́, ó pẹ́. Ìwé kì í ṣe iṣu tí yóò jẹrà."

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo wo lẹ́tà ara ògiri mi, ojú sì tì mí sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì tẹ àtàǹpàkò ti èmi fúnra mi síbi tí ti Baba máa ń wà. Àmì kékeré kan ni. Èkó gbà á, wọ́n tún dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Baba ti ń wá lójú àlá mi. Kò bínú. Orí àpò kòkó ló máa ń jókòó sí, tí yóò fi ọwọ́ pamọ́ sínú agbádá. "Akọ̀wé, ọwọ́ mi dà?" Èmi á fẹ́ dáhùn, yíǹkì á sì kún mi lẹ́nu.

Láìpẹ́, àwọn agbowó orí kọ̀wé pé ta ló láṣẹ láti máa fọwọ́ sí ìwé fún ilé-iṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé Baba ní èmi nìkan ni. Mo tún tẹ̀ka. Lọ́tẹ̀ yìí, àyà mi kò já.

Nígbà tí ètùtù parí, tí wọ́n yìnbọn, tí gbogbo ìlú sì gbọ́, àwọn olùdarí fi Gàníyù, ọmọ Baba, rọ́pò bàbá rẹ̀. Télọ̀ ni ní Ìlá. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ó ní òun fẹ́ wo àwọn ìwé àtijọ́ kí òun lè mọ iṣẹ́ bàbá òun. Mo ń sọ fún un pé lọ́la, lọ́la.

Ọjọ́ tí mo ti Iresi dé, níbi tí mo ti lọ wọn kòkó, mo bá Gàníyù nínú ilé ìkó-kòkó wa. Ọyẹ́ mú, oòrùn ọ̀sán funfun bí òṣùpá. Ó ti ṣí àpótí tí mo ń kó ẹ̀dà àwọn ìwé tí a tẹ̀ka sí pamọ́ sí, ìwé wà lórí itan rẹ̀.

"Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹ jókòó. Ta ló tẹ̀ka síbí?"

"Baba ni."

"Èmi ni mo wẹ òkú Baba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tí ẹ kọ síbí." Ó gbé ìwé náà sókè. "Àpá wà nínú ìka yìí. Baba kò ní àpá. Ẹ fi ọwọ́ yín hàn mí."

"Gàníyù, torí kí ìwé má baà pẹ́ ni."

"Èyí tí ẹ fi sọ ara yín di ọ̀gá ńkọ́? Kí òun náà má baà pẹ́ ni?" Ó mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́ Ajé, mo ń gbé e lọ sí Èkó. Ẹ má bínú, bọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa ka ìwé dáadáa."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti kó àwọn ìwé náà jọ. Irin òṣùwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò rántí pé mo gbé e. Ìró rẹ̀ ni mo rántí, ìró kékeré, bí ìgbà tí kòkó já bọ́ sórí ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, eruku ń fò nínú ìmọ́lẹ̀, ó lẹ́wà, gbogbo ayé sì dákẹ́.

Alhaji Súlè jẹ́rìí ní kóòtù pé: "Mo bá a tó jókòó, ó di ọwọ́ òkú Gàníyù mú. Ó ní, 'Alhaji, ẹ rọra sọ̀rọ̀, ó ń sùn.'"

Wọ́n pe akọ̀wé kan láti ọ́fíìsì Èkó tí mo ń fi ìwé ránṣẹ́ sí. Lọ́yà mi bi í pé: "Bí ọkùnrin yìí bá ti kọ̀wé pé àṣà ìlú kò tíì jẹ́ kí àwọn sọ̀rọ̀ nípa alága àwọn, kí lẹ máa ṣe?"

"A máa fún wọn láyè ni, sà. Àwọn ìlú mìíràn ti kọ irú ẹ̀ sí wa rí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú kóòtù. N kò mọ̀ bóyá èmi ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé, tí wọ́n máa fi ṣe akọ̀wé lọ́la, ẹ gbọ́ tèmi. Bí ẹ kò bá lè sọ òótọ́ lónìí, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò tíì lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín pẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín, kí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ìyìn ẹnikẹ́ni dùn mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi purọ́ kan ṣoṣo láti pa á mọ́. Ẹni tó pẹ́ ṣì lè dé.

Wọ́n ní ìyá Gàníyù ṣì máa ń bu oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò fi àwo bò ó. Bí wọ́n bá ní kí ó gbé e kúrò, á ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé ọmọ òun pẹ́ ni.